Òní Kì Í Ṣe Ọjọ́: Ìgbà Ayé Mi Nídìí Ìpín Ilé Iṣẹ́ Òyìnbó

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Títí, ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà, wá bá mi nílé ní Akínyẹlé. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn: ṣé kí òun fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, kí òun lọ kọ́ṣẹ́ alágbàtà ìpín, ẹni tó ń bá èèyàn ra ṣíà ilé iṣẹ́, bí i tèmi? Kí n tó dáhùn, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní òun ti ra ìpín ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Mo bi í pé ibo ló ti rà á. Ó ní lẹ́yìn ọ̀kadà ni, nígbà tí òun ń bọ̀ láti Mọ́níyà.

Mo wo fóònù náà, mo wo ojú rẹ̀.

Ó ní ẹjọ́ kan wà nínú ìpín náà tí òun fẹ́ fi sùn mí. Mo ní kó fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ ná, kó jókòó, nítorí ẹni tó bá ti ra Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọ̀kadà ní láti mọ ibi tí àwa ti ń bọ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin yòókù tó ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe.

Láyé tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín ilé iṣẹ́ òyìnbó ní láti wẹ̀, kó wọ bàtà, kó wá sí Dùgbẹ̀, kó gun àtẹ̀gùn, kó kí ọ̀gá mi dáadáa, kó tó buwọ́ lùwé. Ìwé náà á wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Ó lè pẹ́ lọ́hùn-ún débi pé kí ó tó padà dé, ọmọ ẹni tó rà á ni yóò wá gbà á, òun alára á ti wà ní ibojì. A rí irú wọn. Wọ́n á wọ aṣọ dúdú wá, a ó sì kí wọn kú oríire, kí a tó rántí pé ó yẹ kí a kí wọn kú àṣẹ̀yìndè.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba ìtàn. Mo jáde ní yunifásítì, mo mọ ìwé ọrọ̀ ajé lórí, bàbá mi sì mọ ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó mọ ọ̀gá mi. Owó oṣù náà kéré. Ẹ jẹ́ kí a kọjá lọ.

Ọ̀gá mi ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè. Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ́ṣẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Nínú ooru Ìbàdàn, nígbà tí ewéko ń rọ, kóòtù wà lọ́rùn rẹ̀. Èdè òyìnbó nìkan ni a gbọ́dọ̀ sọ láàárín ara wa níbi iṣẹ́. Yorùbá, ó ní ti àwọn oníbàárà ni, bí ẹni pé àga àlejò ni èdè náà. Àwa tí a gba oyè ní yunifásítì náà kò kẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbé ìwé ńlá kan sábẹ́ apá lọ síbi iṣẹ́, kí àwọn ará Dùgbẹ̀ lè mọ̀ pé n kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn.

Ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ajé ni, ó pè mí.

"Yunifásítì," ó ní. Orúkọ tó fún mi nìyẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì. "Tí mo bá ní kí iṣẹ́ kan gba ọjọ́ mẹ́ta, tó sì bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọjọ́ wo ló parí?"

"Ọjọ́rú, sà."

"Sọ̀ kalẹ̀."

Mo rò pé wọ́n ti lé mi. Mo gbé ìwé ńlá mi, mo sọ̀ kalẹ̀ dé ìta, ojú ń tì mí. Ni mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

"Àjà wo lo wà?"

"Ilẹ̀ ni mo wà, sà!"

"Ṣé ilẹ̀ ni àjà kìn-ín-ní?"

"Rárá, sà!"

"Ó dáa. Òní ni ilẹ̀. Ọ̀la ni àjà kìn-ín-ní. Máa kà á bọ̀!"

Mo ń gun àtẹ̀gùn, mo ń kà: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo dé iwájú rẹ̀, mo ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó mu tíì rẹ̀ díẹ̀. "Níbi iṣẹ́ yìí," ó ní, "òní kì í ṣe ọjọ́."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fà á. Nílé wa, ọjọ́ tí a dúró lé lórí ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọjà tí a ń pè ní ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ tí a ná an gbẹ̀yìn wà nínú márùn-ún náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa. Inú wàrà ìyá wa la ti mu ún. Ìyẹn ni ọ̀gá mi ń fi àtẹ̀gùn fọ̀ kúrò lára wa. Gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ ni a sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó gba oyè kejì ló sọ̀ kalẹ̀ jù. Oníwèé ìròyìn tó ń tajà ní ìsàlẹ̀ mọ̀ ọ́n débi pé bó ṣe ń kí mi láàárọ̀ nìyẹn: "Ẹ káàárọ̀ o, òní kì í ṣe ọjọ́!"

Ọ̀gá mi kì í ṣe ìkà. Iṣẹ́ wa, ọjọ́ ni. Ilé iṣẹ́ kan á kéde pé òun fẹ́ pín èrè, tàbí pé òun fẹ́ ṣèpàdé. Á dá ọjọ́ tí òun máa ti ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ni èrè, òun ló sì lẹ́nu ní ìpàdé. Tí tìrẹ bá wọlé lọ́jọ́ kejì, o ti di onípìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ọdún yẹn, o ò yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fojú ara mi rí i, ó bà mí lẹ́rù. Èmi ni mo máa ń fi ẹfun kọ iye owó ìpín sára pátákó. Apá ẹ̀wù mi máa ń funfun débi pé màmá mi rò pé búrẹ́dì ni a ń ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ilé iṣẹ́ kan ti ìwé, wọ́n pe iye owó ìpín rẹ̀ láti Èkó, ó já wálẹ̀ lójijì. Mo sáré wọlé bá ọ̀gá: "Sà, wọ́n ti jí nǹkan níbẹ̀!"

Ó gbé tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Yunifásítì, ẹni tó ra ewúrẹ́ tó lóyún, èló ló máa san? Ẹni tó rà á lẹ́yìn tó bí tán ńkọ́? Èrè ti jáde nínú rẹ̀. Nu pátákó rẹ."

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kọ̀ǹpútà dé. Ọ̀gá fi aṣọ bò ó fún oṣù kan gbáko, ó ní ẹ̀rọ tí kò lè gun àtẹ̀gùn kò lè mọ ọjọ́ kà. Àmọ́ nígbà tí a ṣí i, ojú wa là. Orúkọ tó ti ń pẹ́ kó tó wọlé wá ń wọlé ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta! A wo ara wa bí ẹni tí ilé jó tán tí kò sí ẹni tó fara pa.

Ìgbà ọlọ́jọ́ mẹ́ta yìí ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Ìyá Bísí, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjàyè. Ìyá wọn kú nígbà tí ọ̀gá wà ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ. Ẹ̀gẹ́ tó ń gbìn ló fi rán an níwèé. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni ìyá náà, aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ wá sí Dùgbẹ̀, láìwọ bàtà. Tó bá ti dé, ọ̀gá mi a gbàgbé Lọ́ńdọ̀nù. Á dìde, á dọ̀bálẹ̀ tòun ti kóòtù, ìyá náà á sì máa kì í: "Àkànní! Àkànní ọkọ mi!" Àwa a máa wo ilẹ̀, kí a má bàa rẹ́rìn-ín.

Ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ti kọ́ ibi ìwọ̀n kan sí ẹ̀bá abúlé wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe sítáàṣì. Ìdí Ìwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Nítorí rẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni gbogbo àdúgbò náà ń gbìn. Wọ́n ti pa oko àgbàdo tì. Ni ìròyìn bá dé pé ilé iṣẹ́ náà fẹ́ ti Ìdí Ìwọ̀n pa, kí wọ́n máa ra sítáàṣì láti òkè òkun. Wọ́n ní ìpàdé ọdọọdún àwọn onípìn-ín ní Èkó ni wọ́n á ti fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá lọ sílé ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dá a dúró sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá Bísí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi lẹ́yìn náà.

"Àkànní, wọ́n ní wọ́n fẹ́ jókòó sí Èkó pa wá. Ta ni wọ́n bi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, onípìn-ín nìkan ni wọ́n máa ń bi."

"Èmi náà á ra ìpín. Mi ò fẹ́ èrè. Ẹnu ni mo fẹ́ rà. Kí n dé ibẹ̀, kí n gé ẹ̀gẹ́ wa níwájú wọn, kí wọ́n rí bó ṣe funfun tó."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ń fi ìka ìyá náà kà, bí ìyá náà ṣe ń fi ìka tirẹ̀ kà nígbà tó wà lọ́mọdé. "Ọjọ́rú ni wọ́n máa ti ìwé. Orúkọ ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Tí ẹ bá wá lọ́la: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Ó ti wọlé nìyẹn."

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá náà dé Dùgbẹ̀. Èkó ni mo wà lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ọ̀gá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Olóyè kan tó jẹ́ oníbàárà wa ń wá ẹni tó máa ra ìpín ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun. Tirẹ̀ gan-an ni wọ́n rà fún Ìyá Bísí. Ta ló máa yẹ iṣẹ́ ọ̀gá wò?

Nígbà tí ìpàdé tó, ọ̀gá ní kí n sin ẹ̀gbọ́n òun lọ. Ìyá náà gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ dání. Ìdájí ọjọ́ náà ló fà á, erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, ó fi aṣọ funfun bò ó bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ sàmì fún. Lójú ọ̀nà, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kọ́ra. Ó kí alága, ó kí ìyàwó alága, ó bi í léèrè ọmọ. Mo ní, "Mà, wọn kì í béèrè ọmọ níbẹ̀." Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe."

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, ọmọbìnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà.

"Màmá, orúkọ yín ò jáde."

"Kò jáde láti ibo?"

"Kò sí nínú ìwé, mà. Ọjọ́rú la ti ìwé. Ọjọ́bọ̀ ni ìpín yín wọlé."

Mo bi í léèrè ọjọ́ tí a rà á, ó sọ ọ́. Mo kà á, mo tún un kà. Mo rí àtẹ̀gùn Dùgbẹ̀ níwájú mi bí ẹni pé mo ń gùn ún: ilẹ̀, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá mi! Ẹni tó ti lé wa sọ̀ kalẹ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú! Tí wọ́n bá ní bíṣọ́ọ̀bù gbàgbé Àdúrà Olúwa láàárín ìsìn, kò lè yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Bísí kò tíì lóye. "Ọmọ mi, ta ló ni ìpín yìí lónìí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ta ló wá lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀?"

"Ẹni tó ní in lọ́jọ́ tí a ti ìwé."

"Ta nìyẹn?"

Ibi tí a wà nìyẹn tí Olóyè fi yọ, agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo kọ̀ǹpútà, ó tẹrí ba, ó ní kó wọlé. Olóyè tó ti ta ìpín rẹ̀, tó ti ná owó rẹ̀, fi ìpín Ìyá Bísí wọlé lójú Ìyá Bísí.

Ìyá náà kúnlẹ̀ tòun ti apẹ̀rẹ̀. "Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n má ti Ìdí Ìwọ̀n. Gbogbo oko wa, ẹ̀gẹ́ ni."

"Ṣé nítorí èyí ni ẹ ṣe ń kúnlẹ̀, Màmá? Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀."

A dúró níta. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lára ògiri, a ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn Olóyè dún. Ó kí alága. Ó sọ bí òun àti bàbá alága ṣe jọ jẹun rí. Ó ní kóòtù alága dára. Ó ní ìrẹsì ọdún tó kọjá ti tutù jù, kí ìgbìmọ̀ jọ̀wọ́ ṣàtúnṣe. Ìyá Bísí ń mi orí, ó ń dúró de tirẹ̀. Olóyè wá ní, "Ní ti àbá tí ẹ mú wá, mo kín in lẹ́yìn." Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an.

"Kí ló kín lẹ́yìn?" ìyá náà bi mí.

"Títì Ìdí Ìwọ̀n ni, mà."

Olóyè jáde pẹ̀lú agbòjò tuntun àti àpò ẹ̀bùn. "Màmá, mo sọ̀rọ̀ o! Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"A gbọ́ yín, Olóyè."

Láti Èkó dé Ìbàdàn, ìyá náà gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ náà lé ẹsẹ̀. Ọ̀gá ń dúró dè wá ní àjà òkè, tíì rẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n gbọ́ yín?"

"Àkànní, orúkọ mi ò sí níbẹ̀."

Ó yí sí mi. "Yunifásítì, kí lo ṣe?"

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní ó wọlé, sà."

Ó la ẹnu láti bá mi wí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó di àtàǹpàkò mú, ó ní, "Ajé…" Ó dúró. Ó ń wo àtàǹpàkò náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Gbogbo wa ń wò ó. Mo ti rí i tó ń bínú, mi ò tíì rí i tó ń bẹ̀rù.

Ó bọ́ kóòtù. A ò rí i láìsí kóòtù rí. Ó kéré jọjọ. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, a gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi dákẹ́. A sáré sójú fèrèsé. Ọ̀gá wa dúró ní ìta láàárín èrò, ó dorí kodò, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ṣe ń dúró. Oníwèé ìròyìn ń wò ó, ó ń wo òkè, ó tún ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni bàtà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀.

Nígbà tó wọlé, ó ń mí bí ẹni tó gbẹ́lẹ̀. Ìyá Bísí fa àga fún un.

"Ta ló rán ọ sísàlẹ̀? Bí mo ṣe kọ́ ọ lo ṣe kà á."

"Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kà á níbí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti gbọ́. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ tí a fà lónìí, òní ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tí mi ò bá ka òní mọ́ ọn, òkú ni mo máa gbé dé ìdí ìwọ̀n. Kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ, tó ju bí mo ṣe ń jẹun?"

Wọ́n ti Ìdí Ìwọ̀n pa lóòótọ́. Ọkọ̀ kò wá mọ́. Ẹ̀gẹ́ gbó sínú ilẹ̀ títí ó fi di igi. Àwọn tó rí agbára ṣe é ní gàrí, gàrí sì pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó fẹ́ rà á. Àwọn ọ̀dọ́ gba Adégbayì, ní Ìbàdàn, lọ wá ọ̀kadà gùn. Wọ́n ní kí Ìyá Bísí ta ìpín náà, ó kọ̀. "Ẹnu mi ni," ó ní. "Ṣé ẹ rí ẹni tó ta ẹnu rẹ̀ rí?"

Nígbà tí ìpàdé ọdún kejì dé, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé láti ọdún tó kọjá. Ọ̀gá náà ti ra tirẹ̀, kó lè jẹ́ ògbufọ̀ fún un. Èmi náà ra díẹ̀, nítorí mi ò tún fẹ́ dúró níta. Wọ́n gba ọ̀bẹ ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí wọ́n pè é, ó rìn lọ síwájú láìwọ bàtà, ó gbé ẹ̀gẹ́ kan sórí tábìlì alága, lórí aṣọ àtàtà tí wọ́n tẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ ti dúdú, ó ń ta wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí iṣan, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo iwájú gbọ̀ngàn náà. Olóyè fi agbádá bo imú. Ó ti ra ìpín mìíràn kó má bàa pàdánù ìrẹsì.

Alága bi ọ̀gá mi lédè òyìnbó pé ìgbà wo ni wọ́n ti fa ẹ̀gẹ́ yìí. Ọ̀gá túmọ̀ rẹ̀.

"Àbúrò mi ni kí ẹ bi," Ìyá Bísí ní. "Òun ló mọ ọjọ́ kà níbi iṣẹ́ yín."

Ọ̀gá mi wo èmi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sókè níwájú gbogbo àwọn ènìyàn ńlá Èkó, ó di àtàǹpàkò mú, ó kà á sókè: ọjọ́ tí wọ́n fà á, àná, òní.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ó ní.

Alága ní, ṣé kì í ṣe ọjọ́ méjì ni?

"Rárá, sà," ni ọ̀gá mi dáhùn. "Ọjọ́ tí wọ́n fà á wà nínú rẹ̀."

Alága ṣèlérí pé àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Ìdí Ìwọ̀n kò ṣí mọ́. Àwọn òyìnbó náà padà kó ẹrù wọn lọ, ilé ìwọ̀n náà sì ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ìyá Bísí ti kú, ọ̀gá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀gá kò tún lé ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Tí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá ṣìṣe, á bi í pé, "Kí ni àwọn òbí rẹ ń gbìn?" Lẹ́yìn náà ni á tún ọjọ́ kà pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, mo ní kí Títí mú ẹjọ́ rẹ̀ wá.

"Bàbá, wọ́n rẹ́ mi jẹ ni. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kan péré ni orúkọ ń gbà báyìí. Mo rà á lọ́jọ́ gan-an tí wọ́n ń wo ìwé orúkọ. Òní ni ọjọ́ kan, àbí? Wọ́n ní orúkọ mi ò sí níbẹ̀!"

Mo dìde. Mo tún jókòó. Ọmọ tó gba oyè ní yunifásítì, tí kò fa ẹ̀gẹ́ rí láyé rẹ̀, tó ń fi àtàǹpàkò ra Amẹ́ríkà!

"Títí, ta ló kọ́ ọ ní ọjọ́ kíkà?"

"Màmá mi ni, sà."

Ilé mi ní Akínyẹlé kò ní àjà. Mo ní kó jáde sí ẹnu géètì, kó dúró sórí ilẹ̀, kó máa kà á bọ̀.